Etíkun ní Ìsàlẹ̀-Ìgbẹ̀ìn

Ikán ti jẹ fírémù náà dé igun kan,
igun ọ̀tún, nísàlẹ̀, níbi tí iyanrìn ti ń parí.
Mo fi ìwé ìròyìn wé e, mo gbé e gun ọ̀kadà lọ sí Kútọ̀,
sọ́dọ̀ Ṣówùnmí tó ń gé dígí.

Ó tó ogójì ọdún tó ti wà lára ògiri wa,
lókè rédíò, lẹ́gbẹ̀ẹ́ kàlẹ́ńdà ìjọ,
òkun nínú ilé àwọn tí kò rí òkun rí,
ilé tí àpáta jókòó sí ẹ̀yìnkùlé rẹ̀
bí àlejò tó ti gbàgbé ọ̀nà ilé.
Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, òjò ni mo pe gbogbo ìlà wọ̀nyẹn,
òjò wẹ́wẹ́ tí kì í dá.
Màmá ní ọyẹ́ ni.
Bàbá ní kí a jẹun.

Ọkọ̀ kan wà níbẹ̀ tí kò tóbi ju èékánná lọ.
Ọkùnrin kan dúró létí omi, ó kọ ẹ̀yìn sí wa.
Láti ìgbà tí ẹ̀gbọ́n mi Ṣógbèsan ti gba Kútọnù wọkọ̀ òkun,
tí lẹ́tà kan dé, tí èkejì kò dé mọ́,
Màmá kì í nu dígí yẹn láì bá a sọ̀rọ̀:
"Ẹ wò ó, ó ń lọ. Ẹ wo bó ṣe ń lọ."
Nígbà tó yá, ó yí àga rẹ̀ padà,
fèrèsé ló ń wò bó bá ń ṣa ẹ̀wà.

Ṣówùnmí tú ìṣó. Ó gbé bébà náà sínú oòrùn.
Ó di ìka mi mú, ó fi í tọ etí àwòrán:
ó jìn wọnú díẹ̀, bí ibi tí ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì ti tẹ ẹní.
"Ojú bàbà nìyẹn," ó ní.
Bàbá ni mo gbọ́.
Ó rẹ́rìn-ín. "Bàbà. Irin pupa.
Wọ́n á fi ìda kùn ún, wọ́n á fi abẹ́rẹ́ ha á,
wọ́n á rì í sínú omi kíkan bíi ti bátìrì.
Ojú ọgbẹ́ ló ń gba tàdáwà.
Ibi tí ara rẹ̀ dá, funfun ni yóò wà."

Mo tún òkun náà wò.
Ìlà pọ̀ lára àpáta, ó pọ̀ lára igi àgbọn,
ó pọ̀ lẹ́yìn ọkùnrin yẹn bí ẹni pé wọ́n nà án;
lójú omi, kò sí nǹkan kan.
Ẹni tó ya òkun yìí kò fọwọ́ kan òkun.
Ó ha etí rẹ̀ yíká, ó fi í sílẹ̀.
Bẹ́ẹ̀ náà la ṣe ń sọ̀rọ̀ Ṣógbèsan nílé wa:
bàtà rẹ̀, ìwé ẹ̀rí rẹ̀, ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó gbìn sẹ́yìn kànga,
yíká, yíká.

"Ó tún ku kan," Ṣówùnmí ní.
"Bí wọ́n bá ti tẹ̀ ẹ́ sórí bébà, òdìkejì ló ń jáde.
Ọ̀tún á di òsì."
Àyà mi já. Mo gba bébà náà, mo yí i,
mo wò ó láti ẹ̀yìn, oòrùn là á kọjá.
Ọkọ̀ yí lóòótọ́. Etíkun bá a yí.
Bí wọ́n ṣe jìnnà síra tẹ́lẹ̀ náà ni wọ́n ṣe jìnnà.
Ṣùgbọ́n mo wo ọkọ̀ náà dáadáa:
orí rẹ̀ àti ìdí rẹ̀, bákan náà ni wọ́n rí.

Ó fẹ́ gé igun tí ikán jẹ. Mo ní kó fi í sílẹ̀.

Ọ̀nà mi kò gba Láfẹ́nwá, mo gba ibẹ̀,
mo ní kí ọlọ́kadà dúró lórí afárá.
Odò Ògùn ń lọ nísàlẹ̀, ó pọ́n, kò wojú ẹnikẹ́ni.

Màmá gbọ́ ìró ilẹ̀kùn. Ojú rẹ̀ kò ríran jìnnà mọ́.
"Ó ti dé?" ló bi mí.
Mo dúró, fírémù wà lápá mi.
"Ó ti dé, Màmá.
Igun kan péré ni ikán jẹ."